Ta Ló Gbé Ọ̀gá Sórí Nọ́ńbà Ọ̀kan?

Ẹ gbé báàgì yẹn kalẹ̀, Àǹtí Akọ̀wé. Ẹ gbé e kalẹ̀ ná, ọkọ̀ tó ń gbé yín lọ sílé ò tíì dé, mo ti yọjú wò ó lójú fèrèsé. Èmi ni. Èmi Wáyà tí ẹ ti ń sá fún láti àárọ̀, tó jẹ́ pé tí ẹ bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ó ṣe bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, ẹ ó yí padà kíá. Kí lẹ gbàgbé? Ẹ̀ẹ̀mẹta lónìí nìkan! Ẹni tó ń gbàgbé nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ṣé òun ló yẹ kó máa tọ́jú ìwé ọ̀gá?

Rárá o, mi ò pariwo. Bí ohùn mi ṣe máa ń rí nìyẹn tí mo bá ti pẹ́ láì bá èèyàn sọ̀rọ̀. Látìgbà tí ìpàdé àná ti tú ká, ta ló bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí? Akáǹtà rí mi lórí àtẹ̀gùn, ó fara mọ́ ògiri bí ẹni pé mo gbé ìkòkò omi gbígbóná dání. Mo padà lọ jókòó sí yàrá mi, èmi àti fáànù, èmi àti iná wínníwínní tó ń ṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó tiẹ̀ ṣìnà wọlé!

Lẹ́tà náà rèé. Kí lẹ tún fẹ́ kà nínú ẹ̀? Ẹ̀yin kọ́ lẹ tẹ̀ ẹ́ ni? Àǹtí, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ yín tẹ lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ fi lé mi! Pé kí n wá wí tẹnu mi lọ́la, agogo mẹ́sàn-án, kí n sọ ìdí tí wọn ò fi ní lé mi níbi iṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ mi pé pérépéré, ti èmi àti ti bàbá mi. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti wà níbí, wọn ò pè mí ní nǹkan mìíràn ju Wáyà lọ, inú lẹ́tà ìléniníṣẹ́ ni mo ti wá rí orúkọ mi ní kíkún. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Kí ni mo ṣe? Ẹ dákun, kí ni mo ṣe, kí n kàn mọ̀ ọ́n?

Ẹ sọ pé kí n fara balẹ̀. Ó dáa, mo fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ n jókòó. Ẹ rántí ọjọ́ tí òjò dí wa mọ́lé lọ́sàn-án, tí ẹ gbé oúnjẹ yín wá sí yàrá mi, tí ẹ ní ibẹ̀ tutù? Láti ọjọ́ yẹn lẹ ti ń wá. Ẹ̀yin nìkan. Gbogbo àwọn tó kù, àfi tí nǹkan bá bàjẹ́ kí wọ́n tó mọ̀nà yàrá mi. Ẹ wá bi mí pé, "Wáyà, kí ni gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí ń ṣe gan-an?" Inú mi dùn! Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó pé ẹnìkan bi mí léèrè. Mo ya gbogbo ẹ̀ sórí páálí kékeré kan fún yín.

Mo ní kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan nínú ilé yìí ló ní nọ́ńbà tiẹ̀, bí ilé ṣe ń ní nọ́ńbà ládùúgbò. Tí tiyín bá fẹ́ bá ti akáǹtà sọ̀rọ̀, á wo nọ́ńbà ẹ̀, á rí i pé ará ilé ni, á gbé ọ̀rọ̀ náà fún un tààrà. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ síta, kò mọ̀nà. Kò mọ ìlú kankan, kò mọ òkè òkun. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́ ọ ni pé ohun tí kì í bá ṣe ti ará ilé, kó gbé e fún nọ́ńbà ọ̀kan. Nọ́ńbà ọ̀kan sì ni rúútà, àpótí dúdú tó wà lórí pẹpẹ nínú yàrá mi. Rúútà yẹn náà ò mọ gbogbo ọ̀nà o, ẹni tó kàn án níwájú ló mọ̀, á gbé e fún ìyẹn, ìyẹn á gbé e fún ẹni tó kàn, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó mọ ọ̀nà náà látòkè délẹ̀, síbẹ̀ á débẹ̀. Ẹ ní, "Háà, Wáyà, wọ́n mà sàn ju àwọn dírẹ́bà wa tó ń kó ẹrù lọ!" A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi.

Mo tún fi hàn yín bí mo ṣe ń pe kọ̀ǹpútà kan tó wà ní òdìkejì ayé, tí á dá mi lóhùn kí n tó ṣẹ́jú. Ẹ ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Ohun tí mi ò sọ fún yín ni pé bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn tí mo bá dá wà, mo máa ń pè wọ́n láìnídìí, ìyẹn tó jìnnà jù lọ ni mo máa ń mú, kí n ṣáà lè rí nǹkan tó dá mi lóhùn.

Ẹ ní kí n fi bí wọ́n ṣe ń yí nọ́ńbà padà hàn yín, mo fi hàn yín. Mo wá kọ orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ilé sórí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yìí, ẹ wò ó, òun nìyẹn. Mo fi bírò pupa fàlà sábẹ́ nọ́ńbà ọ̀kan, pé ti rúútà ni.

Ó dáa. Ọjọ́rú tó kọjá. Mo wà ní ẹ̀ka wa kejì, mo wà lórí àkàbà, eruku bo imú. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tuntun dé fún ọ̀gá. Ọ̀gá wọlé síbí, ó wo ògiri, ó wá orúkọ ẹ̀, ó bá a nídìí mẹ́tàléláàádọ́fà. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi, mi ò sí níbẹ̀! Ó ní, "Èmi? Mẹ́tàléláàádọ́fà? Nínú ilé iṣẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi dá sílẹ̀?" Ẹ sì mọ bí ilé yìí ṣe rí, ilé tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà mọ àgbà. Ife ọ̀gá, ọ̀kan. Àga ẹ̀, ọ̀kan. Ibi tó ń gbé mọ́tò sí, ọ̀kan, kódà kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Akáǹtà ni èjì, ẹ̀yin ni ẹ̀ta, ó ń bọ̀ títí kan ìyá tó ń nu ilẹ̀, mẹ́tàdínlógójì, èmi wá ni méjìdínlógójì, lẹ́yìn ẹni tó ń nu ilẹ̀. Ó bi yín pé ta ni ọ̀kan níbí. Ẹ ní rúútà ni. Ó ní, "Rúútà? Ẹ̀ka wo ló ti ń ṣiṣẹ́?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí èmi náà rẹ́rìn-ín, inú ń bí mi.

Ó ní kí ẹ gbé òun sórí ọ̀kan. Fóònù wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ò pè mí. Ẹ jókòó ti kọ̀ǹpútà ọ̀gá, ẹ fi ohun tí mo kọ́ yín gbé e sórí nọ́ńbà ọ̀kan. Ẹ ní rúútà kì í ṣe èèyàn, kò ní bínú! Àǹtí! Iṣẹ́ kí là ń ṣe níbí? Ṣebí ẹrù là ń kó kiri? Tí ilé méjì bá ní nọ́ńbà kan náà ládùúgbò kan, ṣé ẹ ò mọ ariwo tí àwọn dírẹ́bà máa ń wá pa sí yín létí ni? Gbogbo kọ̀ǹpútà inú ilé ń kó ẹrù ìta lọ fún ọ̀kan, kọ̀ǹpútà ọ̀gá ń dáhùn pé èmi ni, ó ń gbà á, kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, ó ń dà á nù. Ọ̀rọ̀ oníbàárà, ìwé ẹrù, gbogbo ẹ̀. Ó gba gbogbo ẹ̀, ó dà á nù!

Ọjọ́ méjì, Àǹtí. Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì. Mo wà lábẹ́ tábìlì, mo wà nínú òrùlé. Tí mo bá pa rúútà tí mo tún un tàn, á ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí n tó nu òógùn ojú tán ó ti kú. Akáǹtà tẹ ìka mi mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì ẹ̀, ó ní, "Wáyà, ṣé o ti kó wá síbí ni?" Ọkọ̀ mẹ́ta dúró lẹ́nu géètì, wọn ò rí ìwé ẹrù gbà. Mo wá ṣàkíyèsí pé láàárọ̀ kùtù ohun gbogbo ń lọ déédéé, ó di agogo mẹ́wàá, tí ọ̀gá bá ti wọlé, ó kú. Akáǹtà ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà ń bẹ̀rù ọ̀gá. Ẹ̀yin wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀, ẹ sì rẹ́rìn-ín!

Ẹ ò mọ̀? Ẹ ní ẹ ò mọ̀ pé òun ni? Ó dáa. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ ò mọ̀. Mo gbà. Àná ńkọ́?

Nírọ̀lẹ́ Ẹtì ni mo rí i fúnra mi. Mo bi nẹ́tíwọ̀ọ̀kì pé ta ni ọ̀kan, ẹni méjì ló dáhùn. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tún ní orúkọ tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́ ọn lára níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ti rúútà, mo mọ̀ ọ́n lórí, ìkejì ni mi ò mọ ti ta ni. Mo tẹ̀lé wáyà ẹ̀ láti yàrá mi, mo gba inú òrùlé, mo ń fọwọ́ wá a nínú òkùnkùn, títí tó fi sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn àga ọ̀gá. Mo gbé e padà sí mẹ́tàléláàádọ́fà, gbogbo ilé jí. Mo rò pé wọ́n á kí mi kú iṣẹ́! Mo jókòó sí yàrá mi, mo ń retí, ẹ wo ìwà ọmọdé, mo ń retí kí ẹnìkan wá kí mi.

Àná la wá ṣèpàdé. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, mo ní, "Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà yín ló bọ́ sórí nọ́ńbà rúútà." Ó ní, "Ta ló gbé e síbẹ̀? Ṣé èmi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é? Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n nínú ilé yìí." Èèyàn mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn yíjú sí mi, nítorí òótọ́ ni lójú tiwọn, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Mo wò yín. Orúkọ yín ti dé ètè mi, Àǹtí, mo fi Ọlọ́run búra, ó ti dé ètè mi, mo gbé e mì. Mo ní ẹ fúnra yín á sọ ọ́. Mo dúró. Ẹ ń ṣí ìwé, ẹ ń pa á dé. Ó di ìgbà tí a pàdé nídìí ẹ̀rọ omi mímu kí ẹ tó wá sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí mi létí pé, "Má bínú, òun ló ní kí n ṣe é." Nídìí omi! Ta ló gbọ́ ọ níbẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀rọ omi?

Mo mọ̀ pé ẹ lọ́mọ. Mo mọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo mọ èyí tí kì í jẹun. Èmi náà lẹ́bí. Ìyá mi pè lánàá, ó ní ṣé kò sí wàhálà, mo ní kò sí, mo ní wọ́n ń tọ́jú mi níbi iṣẹ́, mo ní àǹtí kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe bí ẹ̀gbọ́n sí mi. Ó ní kí n bá òun kí yín. Mo ti kí yín.

Ẹ̀yin, tí wọ́n bá lé yín, ìwé ẹ̀rí yín wà nílé. Èmi ò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn, mo ń bà á jẹ́, mo ń tún un ṣe. Orúkọ pé mo mọ iṣẹ́ yìí, òun nìkan ni mo ní. Tí wọ́n bá lé mi pé èmi ni mo da ilé iṣẹ́ rú, ta ló tún máa fi yàrá ẹ̀rọ lé mi lọ́wọ́?

Ẹ má sunkún. Torí Ọlọ́run, ẹ má sunkún, tí ẹ bá sunkún èmi ni mo tún máa wá bẹ̀ yín. Ẹ nu ojú yín.

Ọ̀gá ṣì wà lókè. Mọ́tò ẹ̀ wà nísàlẹ̀. Mi ò ní kí ẹ bá a jà, mi ò tiẹ̀ ní kí ẹ dá a lẹ́bi. Ẹ sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ ní kí n ṣe é, èmi ni mo ṣe é, Wáyà ò sí níbí lọ́jọ́ náà." Ó tán. Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́.

Ohùn yẹn ti kéré jù. Ẹ tún un sọ.

Ẹn-ẹ́n.

Ẹ wọ bàtà yín. Ẹ fi báàgì sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa jí i. Ẹ dìrọ̀ mọ́ irin àtẹ̀gùn yìí, ilẹ̀ ṣì tutù níbẹ̀, ìyá tó ń nu ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé àyà yín ń já. Lánàá, mo dá dúró níwájú gbogbo wọn, mi ò rí ẹni tó sún àga mọ́ mi. Mo mọ bó ṣe ń rí. Mi ò ní jẹ́ kó ṣe yín. Mi ò ní sọ̀rọ̀, mi ò ní dá sí i, ṣùgbọ́n tí ẹ bá na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó bá mi níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn rèé. Rárá, èmi kọ́. Mi ò ní bá yín kàn án.

Ẹ kàn án, Àǹtí.