Aago Jímọ̀ Tí Mo Bà Jẹ́

Ọjọ́ Àlàmísì ni, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nígbà ọyẹ́, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Wákàtí náà dá mi lójú nítorí pé aago ni mo dì mú. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n yìn mí nítorí rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa kọ èyí sí ẹ̀yin òǹkàwé. Tó bá jẹ́ pé wọ́n bú mi ni, mo lè fara dà á. Ìyìn yẹn ni mi ò lè gbé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Màá gbìyànjú láti ya ohun tí mo mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí mo kàn rò.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló tọ́ mi. Àlàájì ni gbogbo wa ń pè é. Àwọn bàbá rẹ̀ ló ti Ìlọrin wá ṣòwò ní Lọ́kọ́ja, Old Market sì ni ilé wa wà títí dòní, níbi téèyàn ti lè rí Odò Ọya láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àlàájì kì í kó aṣọ jọ, kì í ra mọ́tò tuntun. Aago ọwọ́ nìkan ló fẹ́ràn. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n, nínú àpótí onígi kan tí wọ́n tẹ́ àrán sí nínú. Mẹ́wàá jẹ́ aago òde òní tó ń lo bátìrì. Ọ̀kan nínú wọn máa ń ka ìṣísẹ̀ ẹni, Àlàájì sì máa ń bínú sí i pé irọ́ ló ń pa. Mẹ́tàlá tó kù jẹ́ aago àtijọ́ tí èèyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ yí kí wọ́n tó rìn.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ló máa ń yí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Á máa kà á sókè, ìyí mẹ́rìnlá fún èyí, ìyí méjìdínlógún fún ìyẹn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ ti bàbá rẹ̀. Ojú rẹ̀ tó funfun tẹ́lẹ̀ ti dà bí omi tíì. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló ń wọ̀ ọ́, kí ọ̀rọ̀ yìí sì tó ṣẹlẹ̀, mi ò rántí Jímọ̀ kan tó lọ sí mọ́ṣáláṣí láìsí i lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣí àwọn aago náà. Bàbá Ndagi ni, ọkùnrin Nupe kan tó ní tábìlì kékeré onígíláàsì lẹ́bàá ọ̀nà, tí kò jìnnà sí ilé wa. Ó ti ń tún wọn ṣe kí wọ́n tó bí mi. Ó ní ìṣe kan tó sọ pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá òun ni òun ti kọ́ ọ: bó bá ti tún aago ṣe tán, á fi abẹ́rẹ́ ha àmì tirẹ̀ sínú ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, ìlà méjì àti tóótó kan, pẹ̀lú oṣù àti ọdún. Mo bi í nígbà kan pé kí ni ìwúlò rẹ̀. Ó ní, "Kí ẹni tó bá ṣí i lẹ́yìn mi lè mọ ẹni tó máa bú."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì nígbà náà, ní Adankolo. Físíìsì ni mo kà. Mi ò rí iṣẹ́, Àlàájì wá ní kí n kọ ìwé kan fún òun nípa aago kọ̀ọ̀kan: ibi tó ti rí i, ọdún tó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn. Ìkìlọ̀ kan ló fún mi. "Rábì, kọ ohun tó o bá rí níta. Inú rẹ̀, ti Ndagi ni."

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ìwé náà péye. Mo fẹ́ kọ àmì tó wà nínú ìdérí kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Tí mo bá fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, ìgbéraga wà níbẹ̀. Mo rò pé ohun tí Bàbá Ndagi tí kò dé yunifásítì lè ṣí, èmi náà lè ṣí i.

Àlàájì ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fi ọ̀bẹ kékeré ṣí ẹ̀yìn aago bàbá rẹ̀. Mo rí àmì Bàbá Ndagi, torí pé kò tíì ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ tó tún un ṣe. Mo ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ dé e padà, ó le. Mo tún fi ọ̀bẹ tì í, ẹnu ọ̀bẹ sì yọ̀, ó wọ inú lọ. Okùn irin kan wà níbẹ̀ tó tín-ín-rín bí irun orí. Mo rí i bó ṣe wọ́. Aago náà dákẹ́.

Mo dé e padà. Mo nù ún. Mo fi í sí ààyè rẹ̀. Mo pa fọ́tò náà rẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àlàájì yí i, kò rìn. Ó gbé e sétí. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn fún ìgbà pípẹ́. Kò wọ aago kankan lọ sí Jímọ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo retí pé Bàbá Ndagi ni yóò gbé e lọ fún, pé ìyẹn á tún un ṣe, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò tíì pẹ́ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, Àlàájì ti ń fura sí i. Ó pe ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún fóònù àti aago ṣe. Ìyẹn ṣí i níwájú wa. Ó ní irin ti gún inú rẹ̀, ó sì jọ pé wọ́n ti yọ ojúlówó tó wà níbẹ̀, wọ́n fi àlòkù dípò. Apá àkọ́kọ́ jẹ́ òtítọ́. Apá kejì, mi ò mọ ibi tó ti rí i.

Àlàájì ránṣẹ́ pe Bàbá Ndagi. Ó mú gíláàsì tó máa ń fi sójú dání wá, ó rò pé iṣẹ́ ni wọ́n pe òun fún.

"Ndagi, ta ló ṣí aago bàbá mi kẹ́yìn?"

"Èmi ni, Àlàájì. Mo tún un ṣe, mo gbé e fún yín, ó ń rìn."

Ọ̀dọ́kùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ojú yín ti ń ṣú. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ṣì ríran máa fọwọ́ kan nǹkan kéékèèké."

"Ojú mi ni, kì í ṣe ọwọ́ mi," ni Bàbá Ndagi fèsì. Ó kọjú sí Àlàájì. "Ọgbọ̀n ọdún, Àlàájì. Tí mo bá fẹ́ jalè nínú ilé yín, ṣé màá kọ orúkọ mi sára ògiri kí n tó jáde?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àlàájì lára díẹ̀, mo rí i. Ó wò mí. "Rábì, ìwọ lo kàwé nínú wa. Ìwọ lò ń kọ̀wé àwọn aago yìí. Gba gíláàsì yẹn, wò ó, kó o sọ ohun tó o rí."

Mo wò ó. Mo ní, "Àmì tó kẹ́yìn níbí, ti Bàbá Ndagi ni. Mi ò rí àmì ẹlòmíràn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn méjèèjì yẹn kà. Kò sí irọ́ nínú wọn. Mo ti yẹ̀ wọ́n wò láìmọye ìgbà. Nígbà tí mò ń sọ wọ́n, mo mọ̀ pé òtítọ́ ni wọ́n, mo sì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Èmi tí mo ṣí i kò fi àmì sílẹ̀. Ẹni tó fi àmì sílẹ̀ ni wọ́n rí mú.

Bàbá Ndagi mi orí. Àlàájì ní kó máa lọ, kó má tún gba ẹnu ọ̀nà òun wọlé mọ́. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́.

Àlàájì sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Ẹni méjì sọ ọ́ lójú mi pé àwọn ti lọ gba aago àwọn padà lọ́wọ́ Bàbá Ndagi. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, tábìlì rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Mi ò lè sọ pé èmi nìkan ni mo fà á. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wo aago báyìí, iṣẹ́ náà ti ń kú tẹ́lẹ̀. Àlàyé yìí ni mo fi ń tu ara mi nínú fún ọdún mẹ́ta. Kò ṣiṣẹ́, nítorí pé iṣẹ́ tó ń kú kì í sọ èèyàn di olè.

Lóṣù tó kọjá, Àlàájì kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti bá a jà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbé nǹkan mọ́, èmi ni mò ń bá a yí àwọn aago náà láràárọ̀. Ó ní èmi ni òun máa fi àpótí náà sílẹ̀ fún. "Rábì kì í sọ ju ohun tó bá rí lọ," ló wí. Ó wá fi kún un pé bí òun bá kú, Ndagi kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń sin òun.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè mi rèé. Dókítà ní kí a má ṣe mú un bínú. Bí mo bá sọ fún un, tó sì ṣubú, èmi ni. Bí mi ò bá sọ, tó sì kú pẹ̀lú ìkórìíra ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú, èmi náà ni. Bí mo bá kọ àpótí náà láìsọ ìdí, mo tún ti fi ọgbọ́n bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún.

Kí ẹ tó dá mi lóhùn, ó ku ohun kan tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ní Sátidé tó kọjá, mo wọ mọ́tò lọ sí Obajana, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wà, torí mo gbọ́ pé ibẹ̀ ni Bàbá Ndagi wà. Mo bá a níbi tí àwọn tírélà máa ń dúró sí, níbi tó ti ń ṣọ́nà. Eruku sìmẹ́ńtì bo fìlà rẹ̀. Mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí.

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ dọ̀tí. Ó béèrè àlàáfíà Àlàájì, mo sì sọ bó ṣe rí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọmọ mi, mi ò gbàgbé ẹ. Gbogbo wọn ló pè mí lólè lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ nìkan ni kò sọ ohun tí kò rí. Mo sọ fún ìyàwó mi nígbà tí mo délé."

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mi ò lè sọ ìdí tí kò fi jáde fún yín, torí mi ò mọ̀ ọ́n. Awakọ̀ kan ń pè é pé kó wá gbé igi tó dí ọ̀nà kúrò. Bàbá Ndagi ṣàdúrà fún mi lédè Hausa, "Allah ya yi miki albarka," kí Ọlọ́run bù kún mi. Mo ní àmín. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó lọ gbé igi náà, tírélà náà sì jáde.