Fìlà Tí Kò Yẹ̀ Lórí Obìnrin Ọlọ́pàá

Sílè mélòó kan ni mo fi ń wọkọ̀ láti Ìlá lọ sí yunifásítì nígbà náà; lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà ni. Nínú ọkọ̀ ọ̀hún ni mo ti gbọ́ tí ìyá kan àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ń sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi fẹ́ ṣọlọ́pàá, nítorí sinimá obìnrin ọlọ́pàá tí wọ́n fi hàn ní pápá ilé-ìwé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin yẹn mà mú olè mẹ́ta!"

"Ó sáré, ó jà, fìlà ò yẹ̀ lórí ẹ̀! Ṣé olè gidi á dúró dè é kó tún fìlà dé?"

"Ẹ sọ fún un."

"Mo sọ. Ó ní òun á de tòun le."

Àbúrò rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín.

Awakọ̀ wa ti kú, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ jókòó nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn ti kú. Èmi ṣì wà, mo ṣì ń ṣàníyàn nípa ọmọ ìyá yẹn tí n kò rí rí.