Ojú Ewé Bọ́sẹ̀ Nínú Ìwé Ìran

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pè mí ní ìyá rere. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan kiri nínú, mi ò sọ ọ́ fún àlùfáà, mi ò sọ ọ́ fún ọmọ tí mo bí. Inú ń bí mi, mi ò ní tàn yín. Inú ń bí mi sí ọkùnrin kan, sí obìnrin kan, sí ìjọ kan, sí òkú kan, àti sí ara mi.

Fíìmù ló fà á tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Mo lọ kí Akin, ọmọ mi, nílé rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan. Ìyàwó rẹ̀ ti yá kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan wálé. Fíìmù Yorùbá ni, nípa àwọn akọ̀ròyìn méjì tí wọ́n ń wádìí ohun tí wòólì kan ń ṣe fún àwọn ọmọbìnrin nínú ilé àdúrà rẹ̀. Obìnrin àgbà kan wà níbẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ akọ̀wé ìran nínú ìjọ, tó ń kọ ohun tí àwọn aríran bá sọ sílẹ̀. Nígbà tí akọ̀ròyìn kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó fa ìwé ìran jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ní, "Gbà á, ọmọ mi. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe kọ ọ́." Ọwọ́ tẹ wòólì. Gbogbo ẹni tó wà ní pálọ̀ pàtẹ́wọ́.

Ìyàwó Akin fi etí ìró nu ojú. "Irú ìyá báyìí ṣọ̀wọ́n," ló wí. "Ẹ tiẹ̀ wò ó, Màmá, àfi bíi pé ẹ̀yin gan-an ni. Ó ń wo èèyàn láti òkè gíláàsì bíi tiyín!"

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí orúkọ àwọn tó ṣe fíìmù náà wá ń gòkè lọ lójú tẹlifíṣọ̀n, mo rí orúkọ ẹni tó kọ ìtàn rẹ̀. Kẹ́hìndé ni. Èmi ni mo kọ́ Kẹ́hìndé ní A, B, D. Ó ti kan ilẹ̀kùn mi rí. Ó ti béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Mi ò ṣe ohun tí obìnrin inú fíìmù yẹn ṣe. Kẹ́hìndé kò sì bú mi nínú fíìmù rẹ̀. Ohun tó yẹ kí n ti ṣe ló kọ síbẹ̀. Ká ní ó bú mi ni, ìbá sàn fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ bọ̀. Àgùdà ní Súrùlérè ni mò ń gbé títí dòní, nínú ilé tí ọkọ mi fi èmi àti Akin sílẹ̀ sí. Ọkọ mi gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Pápá Àjàó lọ́jọ́ kan, ó ní púlọ́ọ̀gì ló ń yọ òun lẹ́nu. Obìnrin tó ta púlọ́ọ̀gì fún un ló gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n tún ọkọ̀ ṣe, ó ṣiṣẹ́. Ìgbéyàwó mi ló kú. Obìnrin náà bí ọmọ kan fún un, wọ́n sọ ọ́ ní Bọ́sẹ̀.

Mo wá ibi tí mo máa sá sí, mo rí ìjọ aládùúrà kékeré kan tí wòólì kan dá sílẹ̀ nítòsí wa. Nígbà tí Wòólì rí i pé ọwọ́ mi yá, tí ìkọ̀wé mi sì gún, ó fi mí ṣe akọ̀wé ìran. Láti ìgbà tí ọkọ ti já mi sílẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa pè mí bọ́ síwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Kò pé ọdún méjì tí ìyá Bọ́sẹ̀ fi tẹ̀lé mi débẹ̀. Ní gbogbo Mushin àti Súrùlérè, kò rí ìjọ míì. Òun, ọkọ mi, àti ọmọ wọn, ìjókòó iwájú ni wọ́n ń jókòó sí. "Ìyá Akin, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o," ló máa ń wí, á sì fi eyín kí mi. Èmi náà á fi eyín kí i.

Ẹni tí kò bá mọ ìjọ tiwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí. Bí Ẹ̀mí bá gbé aríran, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa yára jáde lẹ́nu rẹ̀, akọ̀wé tó kúnlẹ̀ tì í nìkan ló lè gbọ́ ọ. Akọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ gbogbo rẹ̀, kò gbọdọ̀ fi kún un, kò gbọdọ̀ yọ nínú rẹ̀. Bí Ẹ̀mí bá ti lọ, ìgbàgbọ́ wa ni pé aríran kì í rántí ohun tó sọ. Ohun tí ìwé bá ti wí, òun náà ló sọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láàárín wa, ọmọdé kò lè la ẹnu fẹ̀sùn kan àgbà, àfi tí Ẹ̀mí bá gbé e.

Bọ́sẹ̀ mọ gbogbo èyí. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ aríran. Níbi ìsìn àárọ̀ Ọjọ́rú kan, ó ṣubú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, mo kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú bírò mi. Kì í ṣe ohùn Ẹ̀mí ni mo gbọ́. Ohùn ọmọ tó ti sunkún títí ni. Ó ní, "Baba Wòólì máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá àdúrà mọ́ èmi àtiẹ̀. Ohun tó ń ṣe fún mi kì í ṣe àdúrà. Ó ní tí mo bá sọ, màmá mi máa kú. Màmá Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀. Ká ní mo kú lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá kú bí ọmọlúwàbí.

Mo gbé ìwé náà lọ sílé, mo dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ní gbogbo ìsìn, Bọ́sẹ̀ á wò mí, èmi á wo ibòmíràn. Nígbà tó rí i pé mi ò ní ṣe nǹkan kan, ó sọ fún obìnrin tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ irun dídì. Obìnrin náà ní oníbàárà kan tó jẹ́ akọ̀ròyìn. Bí Kẹ́hìndé ṣe dé ẹnu ọ̀nà mi nìyẹn.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ ò dá mi mọ̀? Kẹ́hìndé ni, tí ẹ máa ń nà nítorí ìkọ̀wé."

"Kẹ́hìndé! Ṣé ó ṣì dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ?"

"Ó tiẹ̀ ti burú sí i, mà. Ìdí tí ọ̀gá mi fi ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fún mi nìyẹn."

A rẹ́rìn-ín dáadáa. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tó gbé e wá. "Ọmọ náà ní ó wà nínú ìwé ìran, pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Mà, mi ò wá nǹkan míì. Tí mo bá ti fi ojú ara mi rí i, ìròyìn yẹn máa jáde, ọkùnrin yẹn ò sì ní fọwọ́ kan ọmọ míì mọ́."

Mo ní kó padà wá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni mo ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ á rò pé Wòólì ló fi agídí mú mi. Rárá o. Wòólì kò tíì mọ̀ pé akọ̀ròyìn kankan wá. Ẹnikẹ́ni kò rán mi níṣẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ra ìwé tuntun tí èèpo rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da ìran oṣù náà kọ sínú rẹ̀. Mi ò yí ọ̀rọ̀ kan padà títí mo fi dé ojú ewé Bọ́sẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti kọ ọ́ pé ọmọ náà jẹ́wọ́ pé òun ní ọ̀rẹ́kùnrin ní Jíbówú, àti pé ẹ̀mí èké ló ń ti òun kí òun ba ìránṣẹ́ Ọlọ́run lórúkọ jẹ́.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́, mi ò ro ti Wòólì rárá. Ìyá Bọ́sẹ̀ ni mò ń rò. Mo ní ó tó àkókò tí òun náà máa mọ bí ìtìjú ṣe ń rí láàárín èrò. Ọmọ ni mo mú bíi pàṣán, mo fi na ìyá rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an nìyẹn, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Kẹ́hìndé dé, ó ka ojú ewé náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ká ní ẹlòmíì ló kọ ọ́, mà, ǹ bá ní irọ́ ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìkọ̀wé yín rèé." Ó dé bírò rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó lọ. Ìròyìn náà kò jáde. Mi ò mọ ìgbà tó wá mọ̀ pé mo tan òun jẹ. Mo kàn mọ̀ pé kò wá kí mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Èmi fúnra mi ni mo gbé ìwé tuntun náà lọ fún Wòólì. Ó kà á, kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ á bínú, á ní kí wọ́n pe ọmọ náà wá. Ó kàn wò mí, ó ní, "Màmá, Ọlọ́run rí ọwọ́ yín." Ó mọ̀. Ó sì mọ̀ pé mo mọ̀.

Ní Àìkú tó tẹ̀lé e, ó ní kí n kà á níwájú ìjọ. Wọ́n mú Bọ́sẹ̀ dúró síwájú. Mo kà á. Ọmọ náà ń wo ìwé ọwọ́ mi, ó ní, "Màmá Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà." Ó rò pé mo ṣi ojú ewé kà ni.

Mo tún un kà.

Ìyá rẹ̀ dìde, ó gbá a létí lẹ́ẹ̀mẹta níṣojú gbogbo èèyàn. Ọkọ mi doríkodò. Inú mi dùn, ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́. Inú mi dùn títí mo fi dé ilé. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n fi mí jẹ Ìyá Ìjọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń kí mi kú oríire mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá àdúrà yẹn. Àwọn kan ti yọ ọmọ tiwọn kúrò jẹ́ẹ́jẹ́. Akọ̀ròyìn inú fíìmù lè máa sáré kiri títí, kí ni yóò rí bí àwa tí a wà nínú ilé bá ti di ilẹ̀kùn mú?

Bọ́sẹ̀ kúrò nílé wọn lọ́dún náà. Ọkọ mi kú lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kò tíì rí i. Èmi rí i lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mò ń lọ sí Iléṣà. Òun ló ń kọ orúkọ èrò sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ní Jíbówú.

"Orúkọ yín, mà?"

Mo dárúkọ. Bírò rẹ̀ dúró díẹ̀, ó sì kọ ọ́.

"Ta ni ká pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà?"

"Akin, ọmọ mi."

"Bọ̀ọ̀dá Akin," ló wí, bíi pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó kọ ìyẹn náà. "Sítì keje, mà. Ẹ gúnlẹ̀ ire o."

Mo sunkún dé Ìbàdàn, mi ò sọ̀ kalẹ̀ kí n padà lọ bá a.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí nìyí. Ìyanu, ọmọ Akin lóbìnrin, ti pé ọdún mẹ́tàlá. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn náà, lẹ́yìn fíìmù, ìyàwó Akin sọ fún mi pé Wòólì fẹ́ mú un wọ ẹgbẹ́ aríran. Ó ku Àìkú mẹ́ta tí wọ́n máa gbà á wọlé. Mo ní wọn ò gbọdọ̀ gbà.

"Háà, Màmá, ẹ̀yin Ìyá Ìjọ?" ìyàwó Akin wí. "Oore tí àwọn kan ń fi ààwẹ̀ wá!"

Mo ní Wòólì kì í ṣe ẹni tí à ń fi ọmọbìnrin tì.

Akin yíjú sí mi. "Màmá, ṣé ọ̀rọ̀ Bọ́sẹ̀ náà tún nìyẹn? Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin lẹ kà á sí wa létí pé irọ́ ló ń pa. Ṣé ẹ̀ ń parọ́ nígbà yẹn ni, àbí báyìí lẹ̀ ń parọ́?"

Mo ní orí ń fọ́ mi. Mo gbé báàgì mi, mo lọ sílé.

Ìwé àkọ́kọ́ ṣì wà nínú àpótí mi, lábẹ́ àwọn aṣọ tí mi ò wọ̀ mọ́. Mi ò lè dáná sun ún. Tí mo bá gbé e fún Akin, á yọ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n á mọ ohun tí ìyá rẹ̀ fi ojú àbúrò rẹ̀ rí. Bọ́sẹ̀ ló ni ìwé náà, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ kà á, ṣùgbọ́n ó lè lé mi, ọjọ́ sì ń lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí mi pé Ọlọ́run á dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Wòólì fi ń jẹun. Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀. Ilẹ̀kùn tí mo máa kọ́kọ́ kàn ni mò ń béèrè, ti Akin ni tàbí ti Bọ́sẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹ̀ ń sọ lọ́kàn yín. Ẹni tó ń béèrè ọ̀nà ilé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ àlejò, kò tíì fẹ́ débẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bá mi wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lé mi dìde níbi tí mo jókòó sí.