Ogún Igi Ọdẹ́níran

Ní ayé àtijọ́, kí agboolé tí a jókòó sí yìí tó ní ògiri, bàbá ńlá wa kan wà tí ń jẹ́ Ọdẹ́níran. Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, ohùn mi ò ròkè mọ́.

Ìlú ló pè é, ìlú ló ní kí ó máa bá àwọn ṣọ́ igbó orísun odò Ẹ̀lúwẹ̀. Ó sì ṣọ́ ọ. Ó ṣọ́ ọ lójò, ó ṣọ́ ọ lẹ́ẹ̀rùn. Bí ọyẹ́ bá dé, a la ọ̀nà fífẹ̀ yí igbó náà ká, kí iná àwọn tí ń sun oko má baà wọ̀ ọ́. Bí èso ìrókò bá já, a ṣà á, a gbìn ín sábẹ́ òjìji, a sì máa bomi rin ín. Àwọn kan a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọdẹ́níran ń sin igi bí ẹni ń sin ewúrẹ́." Òun a rẹ́rìn-ín, a kọjá lọ.

Òfin ìlú ni pé ẹni tó bá gé igi kan lórísun odò, yóò gbin ogún, yóò sì pọn omi gun òkè sí wọn títí ẹ̀ẹ̀rùn kan yóò fi kọjá. Ògúnṣínà aládùúgbò rẹ̀ gé ọ̀kan lọ́dún kan. Ọdẹ́níran fẹjọ́ rẹ̀ sun Baálẹ̀, Ògúnṣínà sì ru omi títí àtàrí rẹ̀ fi pá.

Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọdẹ́níran gbọ́ ìró àáké. Ó sáré débẹ̀. Igi àpá ńlá kan ti wó lulẹ̀; Adìgún, àkọ́bí rẹ̀, ló dúró tì í, tí òógùn bò ó. Ó ń kọ́lé tí yóò fi gbéyàwó.

"Bàbá, òpó mẹ́rin péré ni mo fẹ́ rí nínú rẹ̀."

"O mọ òfin."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń ṣọ́ igbó? Ta ni yóò mọ̀?"

"Èmi mọ̀."

Ọdẹ́níran jókòó sórí kùkùté náà, ó pẹ́ kí ó tó dìde. Nígbà tó dìde, ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ló gbà lọ.

Baálẹ̀ mi orí. "Máa lọ sílé, Ọdẹ́níran. Ohun tí ojú mi ò rí, n ò lè dá ẹjọ́ rẹ̀."

"Baálẹ̀, ojú yín ò rí ti Ògúnṣínà náà. Ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Ẹnu ọ̀hún náà nìyí."

Bí wọ́n ṣe dá Adìgún lẹ́bi nìyẹn. Nílé, Ìbídùn ìyàwó Ọdẹ́níran kò lè mú un mọ́ra. "Bàbá Adìgún, ṣé ẹ ò gbọ́ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn?"

"Mo gbọ́ ọ. Mo sì gbọ́ pé bí a bá ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀ràn ro ara wa wò. Ògúnṣínà náà ní ìyá."

Adìgún ní òun kò lè ru omi lójú àfẹ́sọ́nà òun. Ó mú àdá rẹ̀, ó mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó kó lọ sí Òkè-Ìrẹ̀. Ta ni yóò wá gbin ogún igi? Ọdẹ́níran ló gbìn ín. Ẹ má rò pé kò dùn ún o. Bó bá gbé omi dé ìdajì òkè, a dúró, a wo ọ̀nà Òkè-Ìrẹ̀, a tún máa gùn lọ. Oṣù méjì ni Ìbídùn kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, obìnrin náà gbé ìkòkò, ó tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ló ń pọn ọ́n.

Ní ọdún kẹsàn-án, òjò kọ̀. Odò gbẹ ní Òkè-Ìrẹ̀, ó gbẹ ní gbogbo ìlú tó yí wa ká. Ẹ̀lúwẹ̀ fà, ṣùgbọ́n kò gbẹ. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá pọn ọ́n, Ọdẹ́níran tó ti darúgbó a sì jókòó létí odò, a máa tò wọ́n kí wọ́n má baà jà. Bẹ́ẹ̀ ni Adìgún ṣe dé, kèrègbè lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Ọdẹ́níran ní kí ó dìde, kí ó kọ́kọ́ fún ọmọ lómi mu.

Adìgún gbójú sókè. "Bàbá, ta ló gbin àwọn igi wọ̀nyẹn? Wọn ò sí níbẹ̀ nígbà tí mo lọ."

"Ìwọ lo gbìn wọ́n. Èmi àti ìyá rẹ kàn bá ọ pọn omi ni."

Adìgún bú sẹ́kún. Kò padà sí Òkè-Ìrẹ̀ mọ́. Nígbà tí òjò rọ̀, kí ó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kankan, ó gbin ogún igi tirẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí ó gbìn ín. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, bàbá rẹ̀ ló ru ìkòkò omi àkọ́kọ́ sí wọn.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa kì í fi í kọ́lé láìgbin ogún igi sí orísun odò, tí òbí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá a ru omi àkọ́kọ́. Bámgbóyè, ìwọ lo ní o fẹ́ kọ́lé lọ́dún yìí. Mo mọ̀ pé bàbá rẹ ti lọ. Ìkòkò kékeré ni kí wọ́n bá mi wá. Èmi ni n óò rù ú.