Àtẹ́rígbà Tí Mi Ò Fi Sínú Ògiri

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ohùn mi ò ní lè lọ sókè. Láti ilé mi ní Ṣómólú, ọ̀nà tó yá jù lọ sí etí ọ̀sà ni kí n gba ẹ̀yìn ilé ìgbẹ̀bí kan kọjá ní Bàrígà. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mi ò gba ibẹ̀ mọ́. Mo máa ń yí po gba inú ẹrẹ̀ ni, èmi àgbàlagbà, bí ajá tó jí ẹran jẹ. Ògiri ni mò ń sá fún, ògiri tí mo fi ọwọ́ ara mi mọ! Akọ̀wé lẹ́tà kan ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ojú sì ń tì mí láti wò ó bí mo ti ń sọ ọ́, nítorí àìmọ̀wé ló kó mi sí i. Rárá, mo tún ti ń purọ́. Kì í ṣe àìmọ̀wé o. Ìgbéraga ni.

Bíríkìlà ni mí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ti kọ́ṣẹ́, a kì í sì í lo ìwé níbẹ̀. Tí ẹ bá ní yàrá mẹ́fà lẹ fẹ́, màá fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, màá ta okùn, ó parí. "Ojú mi ni ìwọ̀n mi," bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń fọ́nnu, wọ́n sì mọ̀ mí mọ́ ọn káàkiri Ṣómólú. Nígbà náà, igbó àti àbàtà ló ṣì pọ̀ ní Bàrígà, ṣùgbọ́n ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí hù níbẹ̀ bí olú, iṣẹ́ sì ń wọlé fún mi débi pé mo ń yan èyí tó wù mí.

Ìgbà náà ni Màmá Nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí mi. Opó ni, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, agbẹ̀bí tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba títí tó fi fẹ̀yìn tì. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n tó bá ti la ẹnu, ẹ ó ṣí fìlà lórí yín. Ó ra ilẹ̀ sí Bàrígà nítorí àwọn aboyún ibẹ̀, pàápàá àwọn ìyàwó apẹja Ìlàjẹ létí omi, tí wọ́n ń rin ìrìn gígùn pẹ̀lú ìrọbí kí wọ́n tó rí ẹni gbẹ̀bí fún wọn. Ó tẹ́ pláànù ilé náà sórí tábìlì. Ọmọ àbúrò rẹ̀ kan ló yà á fún un. Káfíńtà tí a jọ fẹ́ ṣiṣẹ́ náà wà níbẹ̀, ẹni tó mọ̀wé díẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì pọ̀ ju ìwé rẹ̀ lọ.

Màmá ní, "Ọ̀gá, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, nígbà tí èrò pọ̀, kò síbi tí wọ́n máa fẹ ilé ọ̀hún sí. Àwọn aláìsàn ni wọ́n kó síta kí wọ́n tó lè wó ògiri. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ o. Ilé tèmi gbọ́dọ̀ lè dàgbà bí ọmọ. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin la fi máa bẹ̀rẹ̀, ó lè di méjìlá lọ́la." Ó wá fi ìka tọ́ ògiri ẹ̀yìn lórí ìwé náà. Àwọn ìlà kan gùn gbọọrọ, ṣùgbọ́n ní ibi mẹ́ta, ńṣe ni ìlà ń já gé gé gé bí ojú ìránṣọ. "Ẹ rí àwọn ibi mẹ́ta yìí? Ẹ ṣe wọ́n bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́." Mo mi orí bí alágbára. "Mo ti rí wọn, mà. Kò sí wàhálà." Kí ni mo rí? Mi ò rí nǹkan kan! Mo rò pé pẹ́ńsù ẹni tó yà á ni kò mú dáadáa. Mo fẹ́ bèèrè o, ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi, ṣùgbọ́n mo wo ojú Káfíńtà, mo sì mọ̀ pé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́ pé Ọ̀gá Ojú-Mi-Ni-Ìwọ̀n-Mi ò mọ pláànù kà. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìlà jíjá wọ̀nyẹn ń wí, kí ẹ lè mọ ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ẹ mọ àtẹ́rígbà, kọnkéré onírin tí a ń dá bùú lórí ilẹ̀kùn kí ògiri òkè má baà já lulẹ̀. Wọ́n ní kí n ri àtẹ́rígbà mẹ́ta sínú ògiri náà sílẹ̀, kí n wá to búlọ́ọ̀kù dí abẹ́ wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fẹ ilé náà sẹ́yìn, wọn á kàn yọ búlọ́ọ̀kù abẹ́ rẹ̀ kúrò, ọ̀nà á là, aboyún kankan ò sì ní dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọgbọ́n ńlá! Èmi wá mọ ògiri náà ní odindi láti ìpìlẹ̀ dé òkè, mo sì rẹ́ ẹ dán. Ilẹ̀ tí Màmá fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo ní bóyá ẹ̀gẹ́ ló fẹ́ gbìn síbẹ̀.

Ilé parí, ó wu gbogbo èèyàn. Màmá gbàdúrà fún mi lójú àwùjọ pé ọwọ́ mi ò ní rọ. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin, inú ilé yẹn ni ìyàwó mi bí i sí. Ọdún bíi mẹ́rin kọjá. Bàrígà kún, àwọn aboyún bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òjò á máa fẹ́ lù wọ́n. Màmá wá pè mí tayọ̀tayọ̀. "Ọ̀gá, àsìkò ti tó. Ẹ wá ṣí abẹ́ àwọn àtẹ́rígbà tí ẹ rì sínú ògiri fún mi."

Háà! Ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí pláànù wí. Ṣé kò yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, kí n ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fi nǹkan kan síbẹ̀"? Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, òwe tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn láyé mi. Mi ò fìgbà kan bi ara mi pé ikú ta ni. Mo di ẹ̀yìn mú. "Mà, ẹ̀yìn ń dùn mí láti ìjẹta. Màá rán Sùnmọ́nù sí yín." Sùnmọ́nù, ọmọ iṣẹ́ mi tí kò tíì sí lọ́dọ̀ mi nígbà tí a kọ́ ilé náà, tó ti gba òmìnira, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Mo jẹ́ kó lọ. Mo ní bóyá búlọ́ọ̀kù á di ara wọn mú. Bóyá!

Ibi tí mo ti ń ṣàìsàn irọ́ lábẹ́ aṣọ ni wọ́n ti wá bá mi. Sùnmọ́nù ti yọ búlọ́ọ̀kù ibi àárín bó ṣe wà nínú pláànù, ògiri òkè sì bẹ̀rẹ̀ sí sán. Ó yẹ kó fò sẹ́yìn, ó sì ráyè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ọlọ́mọ tuntun kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì lódì kejì, ó wọlé lọ ti tìyátọmọ kúrò níbẹ̀. Nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Òun ni ògiri wó lé lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀kùn tuntun tí Káfíńtà ti kàn sílẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà náà ni wọ́n tẹ́ ẹ lé, tí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn eléegun ní Igbóbì. Àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ti fọ́ kọjá àtúnṣe. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ló burú jù. Màmá Nọ́ọ̀sì wá wò ó, ó ń sunkún, ó sì ń bínú. "Iṣẹ́ ọ̀gá rẹ dára, Sùnmọ́nù. Ìwàǹwára rẹ ló fà á." Mo wà níbẹ̀, ní ìdí bẹ́ẹ̀dì náà gan-an. Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo mi orí, mo ní, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí!" Sùnmọ́nù wò mí. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń pè é síṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń ta àkàrà tí wọ́n fi ń jẹun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Màmá wá bá mi nílé. Wọ́n ti fi páànù dí ibi tó wó, ṣùgbọ́n ó ku ibi méjì, àwọn aboyún sì ṣì wà nínú òjò. Ó ní kí n wá ṣí i lọ́jọ́ Ajé, èmi fúnra mi, òun ò fẹ́ ọmọ iṣẹ́ kankan mọ́. "Ẹ̀yin nìkan ni mo fọkàn tán." Mo ní ó dáa, mà. Mo ra ẹja lọ́wọ́ àwọn Ìlàjẹ, mo gbé e lọ fún Sùnmọ́nù bí mo ti máa ń ṣe, kí ọkàn mi lè fúyẹ́ díẹ̀. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ lọ ṣí ògiri náà. Ó gbé igi ìtìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Kò sí irin níbẹ̀."

"O ti mọ̀?"

"Èmi ni mo wà lábẹ́ rẹ̀, sà. Mo wòkè. Búlọ́ọ̀kù lásán ni mo rí."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ, láti ọjọ́ yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ta ni kí n sọ fún pé ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ò mọ ohun tó ń ṣe? Mo ń dúró dè yín ni, sà, pé ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín." Ó wá pe ìyàwó rẹ̀ pé kó se ẹja náà, kí Ọ̀gá jẹun kó tó lọ. Mo jókòó ti oúnjẹ náà. Mi ò bu òkèlè kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, abéèrè kì í ṣìnà. Ìtìjú ìbéèrè kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ. Tèmi yìí, mi ò mọ ọjọ́ tó máa tán. Tí ẹ bá ń kọ́lé tí àwọn ọmọ tí a ò tíì bí máa lò, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, nítorí ọ̀la ni ọjọ́ Ajé. Ẹ má sọ fún mi pé kí n lọ jẹ́wọ́ fún Màmá Nọ́ọ̀sì. Ìyẹn ti di dandan, bí ojú mi tilẹ̀ fẹ́ fọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni èyí: ilé Sùnmọ́nù ni mo máa kọ́kọ́ kàn lójú ọ̀nà. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, tó bá ṣe é, ó ń gégùn-ún fún un ni. Báwo ni mo ṣe máa wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tó ti ń bo ìhòòhò mi láti oṣù mẹ́jọ, tí kò sì ní ẹsẹ̀ tó lè fi sá fún ìdọ̀bálẹ̀ mi?