Ọ̀dà Tí A Fi Bo Ògiri Ilé Wa ní Mowe

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ mi. Abilékọ ni mí, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, Ifọ ni mo sì ń gbé báyìí. Láti ìgbà tí a ti ta ilé wa ní Mowe ni ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ń bí mi sí ọkọ mi, ó ń bí mi sí ejẹ́ńtì tó bá wa tà á, ó ń bí mi sí àwọn tó rà á pàápàá. Ṣùgbọ́n ara mi ló ń bí mi nínú jù.

Ǹ bá má sọ̀rọ̀ láéláé, tí kì í bá ṣe ìyá arúgbó kan tí mo pàdé níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Màá dé orí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Orí àkùrọ̀ la kọ́ ilé Mowe sí. Owó ilé Èkó ló lé wa débẹ̀, ìkánjú la sì fi kọ́ ọ. Kò pẹ́ tí ògiri yàrá ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi láti ìsàlẹ̀. Nǹkan dúdú kan hù sí i lára, irú èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Yàrá náà ń rùn bí aṣọ tutù tí wọ́n ká pamọ́.

Ibẹ̀ ni Dámilọ́lá ọmọ wa ń sùn. Ó ń húkọ́, àyà rẹ̀ ń dún tó bá ń mí. A lo oògùn títí. Dókítà kan ní Ibafo ló wá bi mí pé báwo ni yàrá tó ń sùn ṣe rí. Mo ṣàlàyé. Ó ní, "Mà, ilé yín lẹ máa tọ́jú, kì í ṣe ọmọ yín. Ẹ ha ògiri yẹn dànù, ẹ wá ọ̀nà fún omi abẹ́ rẹ̀, ẹ fẹ fèrèsé yẹn kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé." A kò ṣe ìkankan níbẹ̀. A kàn gbé ọmọ lọ sí pálọ̀, ikọ́ sì lọ.

Nítorí náà, a mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ẹ má bá mi wá àwáwí, a mọ̀.

Nígbà tí a fẹ́ kó wá sí Ifọ, mo sọ fún ọkọ mi pé ká tún ògiri náà ṣe ká tó tà á. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo máa padà lọ gbé ibẹ̀ ni?" Ejẹ́ńtì bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ta ló ń fi imú ra ilé? Wọ́n á béèrè ìwé, wọ́n á béèrè ọmọ onílẹ̀, wọ́n á béèrè bóyá ọ̀nà máa ń kún. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ dé, kí ògiri gbẹ díẹ̀, ká tó mú èèyàn wá." Ọlọ́run ló mọ iye ilé tó ti fi ọgbọ́n yẹn tà. Ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀dájú ọkùnrin yẹn.

Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣe é. Mo fi bílíìsì fọ ògiri náà títí ojú mi fi ń ta mí. A fi ọ̀dà olóròóró bò ó, a tún kun òmíràn lé e. Mo fi káńfọ̀ sí gbogbo igun. Mo se ewé tíì àti kànáfùrù nínú ìkòkò, mo gbé e kalẹ̀ láàárín yàrá kí ooru rẹ̀ máa tú jáde. Mo ṣí fèrèsé, mo tan fáànù. Ilé tí kò ta sánsán fún ọmọ mi rí wá ń ta sánsán fún àjèjì.

Tọkọtaya kan wá láti Arepo, níbi tí wọ́n háyà ilé sí. Wọ́n mú Àánú ọmọ wọn lọ́wọ́, ìyá ọkọ sì tẹ̀ lé wọn. Lóòótọ́ ni wọ́n béèrè ìwé, wọ́n sì béèrè ọmọ onílẹ̀. Ìyàwó wá dúró ní yàrá ẹ̀yìn, ó di ojú, ó fa èémí sínú. "Mọ́mì, àlàáfíà wà níbí o. Ẹ̀mí mi gba ilé yìí. Òórùn dídùn yìí, àmì ni."

Ewé tíì ni. Mo sì kí i kú oríire.

Ìyá arúgbó yẹn nìkan ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìsàlẹ̀ ògiri. Ó ní, "Ìyàwó mi, ògiri yìí ń làágùn." Ìyàwó yára pa á lẹ́nu mọ́: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ òdì sí ohun tí Ọlọ́run fẹ́ fún wa." Ìyá náà wojú mi. Mo ní, "Ọ̀dà ni, Mà. Kò tíì gbẹ ni." Ó gbà mí gbọ́.

Wọ́n rà á, wọ́n kó wọlé. Òjò dé. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fún ìyá àgbà àti Àánú. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Tó bá lọ sí ilé-ìwé, ara rẹ̀ á balẹ̀. Tó bá padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà, àyà rẹ̀ á tún máa dún. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Wọ́n rántí pé ìyá yìí ló ní ògiri ń làágùn lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò rí nǹkan kan.

Ìyàwó pè mí lórí fóònù. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Nígbà tí ẹ̀ ń gbé níbí, ṣé ọmọ yín kankan ṣàìsàn rí?"

Mo wo ọkọ mi. Ó mi orí. Mo ní, "Rárá o. Àlàáfíà la fi gbé ibẹ̀."

Ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì. A jẹ́ pé ẹni tó bá wa wọlé ni."

Ǹ bá sọ fún yín pé ohun tó sọ kò yé mi, ṣùgbọ́n irọ́ ti tó. Ó yé mi. Mo ní kó bá mi kí ọkọ rẹ̀.

Wọ́n lé ìyá náà jáde. Ilé ọmọ àbúrò rẹ̀ ní Ifọ níbí ló forí pamọ́ sí, a ò sì mọ̀ pé àdúgbò kan náà la wà. Nídìí ẹ̀rọ omi ni mo ti rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti rù. Òun ló kọ́kọ́ dá mi mọ̀, mo sì kúnlẹ̀ kí i. Kò bínú sí mi rárá. Ìyẹn gan-an ló ń ká mi lára.

Ó ní, "Mo kọ́kọ́ sunkún, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo ti ń rò ó. Wọ́n ní èèyàn lè ní àjẹ́ lọ́wọ́ kó má mọ̀. Bóyá lójú oorun ni mo ti ń ṣe ọmọ náà. Mo ti kúrò níbẹ̀, ikọ́ ọmọ náà ò sì tíì dúró. Wọ́n ní tí mo bá lè jẹ́wọ́ lójú ìjọ, ọmọ á mí dáadáa. Mo ti sọ fún wọn pé màá wá lọ́jọ́ Àìkú tó máa kẹ́yìn oṣù yìí. Bá mi gbàdúrà, kí ohun tó wà lọ́wọ́ mi kúrò lára Àánú."

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi. Àtẹ́lẹwọ́ tó fi kan ògiri wa ni.

Mo ní, "Àmín."

Àmín! Èmi àgbààyà yìí! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, èmi sì wà níbẹ̀, mo pọn omi mi, mo lọ sílé.

Ọkọ mi ní tí mo bá sọ̀rọ̀, ọlọ́pàá ni wọ́n máa kó tì wá, pé kí n fi ọ̀rọ̀ náà sádùúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìyẹn fún mi. Àdúrà ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹnì kan ò sì tíì ha ògiri.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, pé kí n pe ìyàwó yẹn. Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ti ní "Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ Mà," èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kí i, màá sì gé fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní kí ẹ bá mi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kí ìyá yẹn tó dúró lójú ìjọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi, ẹ sáà kọ́ mi ní gbólóhùn àkọ́kọ́.