Mo Ní Òfo Ni Kásẹ́ẹ̀tì Ìyá Ìyàwó Mi

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe àgbọ́sọ. Mo wà níbẹ̀, èmi gan-an ni mo ṣe é, bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ ọ́ lọ́nà mìíràn fún yín, irọ́ ló ń pa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ má tíì bú mi. Ó ti pẹ́ tí ẹrù yìí ti wà láyà mi. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé ìyá ìyàwó mi ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, ohun tí wọ́n sì sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́. Mo máa dé ibẹ̀.

Ìwé kẹta ni mo kà dé. Ṣùgbọ́n ẹ wá béèrè mi ní Ìwó. Láti Ìwó dé Kuta, dé Olúpọ̀nnà, kò sí ẹni tó mọ ìyápíìsì bí èmi. Ìyápíìsì, èyí tí wọ́n ń tì bọ ihò etí tí wọ́n fi ń gbọ́ wọ́kúmáànù. Olùkọ́ ni o, òṣìṣẹ́ bánkì ni o, ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ń wá. Ọ̀gá Elétí ni wọ́n ń pè mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń dán an wò. Mo kọ́kọ́ máa ń wo bó ṣe jókòó. Etí dà bí ẹsẹ̀, bàtà tó gba ẹnì kan lè bó ẹlòmíì. Tó bá le jù, mo máa ń gé fóòmù wé e lórí. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń dì í sí àtẹ́lẹwọ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó fi sí oníbàárà létí, torí ike tútù kì í bá etí ṣeré. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa wá gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìlù kò gbọdọ̀ bo orin mọ́lẹ̀. Èyí tó bá dára gidi, ẹ óò gbọ́ bí akọrin ṣe fa èémí sínú kó tó la ẹnu. Èmi ni mo kọ́ gbogbo ọjà láti máa gbọ́ èémí yẹn.

Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Elétí, èèrà kan ń rìn lórí páànù mi, ṣé akọ ni àbí abo?"

Èmi náà á ní, "Abo ni, ó sì lóyún."

Iṣẹ́ yẹn náà ló jẹ etí mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣí ohùn dé òpin kí n lè mọ̀ bóyá yóò há. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ èémí akọrin mọ́. Mo ní ọjà tí wọ́n ń kó wọlé ni kò dára mọ́. Nígbà tó tún yá, etí ọ̀tún kú pátápátá, ti òsì kò gbọ́ ju ohun tó bá ń pariwo lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n sọ ọ́ fún? Ọ̀gá Elétí tí kò gbọ́ràn? Mo bá dá ọgbọ́n. Ẹni tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò láti mọ ohun tó ń sọ. Oníbàárà ni màá kọ́kọ́ fi ìyápíìsì sí létí, màá máa wo ojú rẹ̀. Tí ojú bá tú ká, tí orí ń mì, ó dára nìyẹn. Tó bá fajú ro, mo ti mọ̀. Lẹ́yìn náà ni màá fi sí etí tèmi, màá ṣe bí ẹni tó ń gbọ́, màá sì dá ẹjọ́. Mi ò ṣì í rí. Ìyàwó mi gan-an kò mọ̀. Ó rò pé ìgbéraga ni kì í jẹ́ kí n dáhùn tó bá pè mí.

Nígbà náà, Olúpọ̀nnà ni Màmá, ìyá ìyàwó mi, ń gbé. Ọkọ wọn ti kú ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kí wọ́n tó gbé Bàbá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, Bàbá ní kí àbúrò wọn gba ohùn àwọn sínú kásẹ́ẹ̀tì kó gbé e fún Màmá. Àbúrò tẹ bọ́tìnnì, Bàbá ní kó jáde, ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ni. Ọjọ́ kan náà ni kásẹ́ẹ̀tì àti òkú jọ wọlé. Màmá kò lè gbọ́ ọ. Wọ́n fi gèlè wé e, wọ́n jù ú sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti di ọdún mẹ́rin báyìí, wọ́n gun ọ̀kadà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn nìkan, kásẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dìde, Bàbá Ṣadé. Àyà mi ti le wàyí. Mo fẹ́ gbọ́ ọkọ mi."

Mo yan ìyápíìsì tó fúyẹ́ jù lọ́jà mi. Etí Màmá kéré bí etí ọmọdé. Mo gé fóòmù, mo fi wò ó, mo tún un gé, títí wọ́n fi ní, "Ó ti dáa. Bí òwú ló rí." Mo ti kásẹ́ẹ̀tì bọ wọ́kúmáànù. Bí mo ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ kọ́kọ́ bá mi gbọ́ ọ ná. Tó bá jẹ́ igbe ìrora ni Bàbá ń ké níbẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́. Ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Etí yín ni mo gbẹ́kẹ̀ lé."

Mo fi sí etí òsì mi. Mo rí kásẹ́ẹ̀tì tó ń yí. Mo ṣí ohùn dé òpin. Bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ní ọ̀nà jíjìn ni, kò sí ohun mìíràn. Mo gbójú sókè, Màmá ń wo ojú mi, bí èmi ṣe máa ń wo ti oníbàárà.

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ: Màmá, etí mi ti kú, ẹ jẹ́ kí n pe ọmọ yín wá. Ṣùgbọ́n télọ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wò wá. Mo ní, "Màmá, òfo ni. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Màmá, èmi mà ni mò ń sọ ọ́."

Wọ́n ní, "Á jẹ́ pé Bàbá ò rí agbára sọ̀rọ̀ ni." Wọn kò tilẹ̀ ní kí àwọn fi etí tàwọn gbọ́ ọ, torí èmi ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n máa lo kásẹ́ẹ̀tì náà, àwọn ò fẹ́ máa rí i mọ́. Mo gba orin lé e, mo sì ń fi dán ìyápíìsì wò.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọge kan tó ń ṣiṣẹ́ ní bánkì tó wá ra ìyápíìsì. Mo fi sí i létí, mò ń wo ojú rẹ̀. Ojú rẹ̀ dùn. Nígbà tó yá, ó dúró sójú kan, ó wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

"Ọ̀gá Elétí, bàbá wo ló ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbí?"

"Bàbá wo?"

"Orin tán, bàbá kan bọ́ sí i. Ó ní, 'Àjọkẹ́, kò dùn mí mọ́, wọ́n ti fún mi lóògùn. Iṣu ẹ̀yìnkùlé yẹn, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tà á, èmi àti ìwọ la jọ máa jẹ ẹ́.' Ó ń rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ."

Àjọkẹ́ ni Màmá. Iṣu yẹn, èmi ni mo bá wọn tà á nígbà ìsìnkú.

Mo sọ fún ọmọge náà pé eré orí rédíò ni. Ó san owó, ó lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó kù yìí ló burú jù. Ìbẹ̀rù mú mi pé ẹlòmíì á gbọ́ ọ, á sì dé etí ìyàwó mi. Mo gba orin lé ìyókù náà, dé òpin. Ti àkọ́kọ́, mo lè ní mi ò mọ̀. Ti èyí, mo mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Màmá jókòó sí fàráńdà, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lápá òsì mi. Wọ́n ní, "Bàbá Ṣadé, mo ti gbàgbé ohùn Bàbá. Mo rántí ojú, mo rántí ọwọ́. Tí mo bá wá ohùn, igbe ni mò ń rò pé mò ń gbọ́." Wọ́n pariwo rẹ̀ bí àgbàlagbà ṣe máa ń sọ̀rọ̀, ìdí tí mo fi gbọ́ nìyẹn. Mo gba ẹ̀gúsí lọ́wọ́ wọn, mo ń bá wọn ṣẹ́ ẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ọ̀rọ̀ Bàbá tí ọmọge yẹn gbọ́ wà lórí mi, mo lè kà á fún Màmá bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè ibi tí mo ti gbọ́ ọ. Ọ̀gá Elétí á sì tán lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé orúkọ yẹn ò jọ mí lójú mọ́. Irọ́ ni. Ó ṣì jọ mí lójú. Màmá náà jọ mí lójú, wọ́n sì ti ń darúgbó sí i.

Ohun tó sọnù nìyí: ohùn ọkùnrin kan. Ẹ̀rín rẹ̀ kan. Etí mi méjèèjì. Àti ọdún mẹ́rin tí ìyàwó rẹ̀ ti fi gbà pé igbe ló ké kú.